Etí Ló Yẹ Kó Yan Íápíìsì, Kì Í Ṣe Àpò

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ ń kọ sí wa: "Nínú àwọn íápíìsì olówó ńlá tí wọ́n ń kì bọ ihò etí wọ̀nyí, èwo gan-an ló dára jù?" Àbúrò kan tó ń gbé ní Leeds kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́fà ni mo fi tọ́jú owó. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ti pé. Ẹ ṣáà dárúkọ ìkan fún mi kí n lọ rà á, kọ́kàn mi balẹ̀."

Mi ò dárúkọ ìkankan fún un. Ìbéèrè ni mo fi dá a lóhùn: "Àbúrò, báwo ni ihò etí rẹ ṣe tóbi tó? Wákàtí mélòó lo fi ń gbọ́ nǹkan lójúmọ́? Ibo lo ti ń gbọ́ ọ, nínú yàrá ni àbí nínú tírénì?" Ó rò pé mò ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Rárá o. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn kì í ṣe owó ẹ̀pà. Ẹni tó san owó ilé, tó san owó iná, tó tún fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kó tó wá rí ìyẹn tọ́jú, kò yẹ kó fi ra ohun tí yóò máa sùn nínú dúrọ́ọ̀.

Èrò mi rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Gbogbo wa la máa ń sọ̀rọ̀ ohùn ṣáájú, ká tó wá fi ìrọ̀rùn kún un bí èènì. A ó ní, "Ohùn rẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ ó ń fún mi létí díẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Fún íápíìsì tó ń wọ inú ihò etí, ìrọ̀rùn àti ohùn kì í ṣe nǹkan méjì. Bó ṣe jókòó nínú etí yín ni ohùn rẹ̀ ṣe máa rí. Tí kò bá jókòó dáadáa, ohùn tẹ́ ẹ sanwó fún kọ́ lẹ̀ ń gbọ́, bó ti wù kó wọ́n tó.

Sípíkà méjìlá kò túmọ̀ sí adùn ìlọ́po méjìlá

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ná. Íápíìsì olówó ńlá kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1991, ilé iṣẹ́ Etymotic Research ní Amẹ́ríkà, tí Mead Killion dá sílẹ̀, gbé ER-4 jáde. Ọ̀mọ̀wé nípa ìgbọ́ràn ni Killion, inú ìmọ̀ ẹ̀rọ àwọn tí etí wọn wúwo ni wọ́n sì ti mú ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1995, Jerry Harvey, tó ń bójú tó ohùn fún ẹgbẹ́ olórin Van Halen, ṣe ìkan fún onílù wọn, Alex Van Halen, kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀ láàárín ariwo orí ìtàgé. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Ultimate Ears ti wá. Nítorí náà, ohun èlò àwọn tó ń fi etí ṣiṣẹ́ ni kó tó di ohun fàájì.

Oríṣi sípíkà méjì ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní dynamic driver. Ó dà bíi sípíkà ńlá tó wà nínú ilé yín, àfi pé ó kéré: awọ tín-ín-rín kan wà tí wáyà tí wọ́n ká mọ́ ọn ń tì síwá sẹ́yìn nínú agbára òòfà. Ó máa ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, ìdí rèé tí béèsì rẹ̀ fi máa ń ní ara. Ìkejì ni balanced armature, tó wá láti inú ẹ̀rọ àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà láàárín òòfà méjì, tó ń gbọ̀n, tó sì ń mi awọ kékeré kan. Ó kéré gan-an, ó yára, wọ́n sì lè kó púpọ̀ rẹ̀ sínú íápíìsì kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni ìpolówó ti wọlé. Wọ́n á ní èyí ní mẹ́rin, èyí ní mẹ́jọ, èyí ní méjìlá, bí ẹni ń ka orí ẹran. Ẹ wò ó: Shure SE846, tó jáde ní 2013, ní balanced armature mẹ́rin ní etí kọ̀ọ̀kan. 64 Audio U12t ní méjìlá, iye rẹ̀ sì jẹ́ bíi 2,000 dọ́là. Sony IER-Z1R, tó jáde ní 2018, ní mẹ́ta: dynamic méjì àti armature kan. Sennheiser IE 900 ńkọ́, èyí tó jáde ní 2021, tí wọ́n tà ní bíi 1,300 dọ́là? Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní, dynamic tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 7 lọ.

Tó bá jẹ́ pé iye sípíkà ló ń pinnu adùn, ó yẹ kí ẹlẹ́yọ kan yẹn ti kógbá wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí níbi ìnáwó? Onílù méjìlá lè bá ara wọn mu kó dùn mọ́ni. Wọ́n sì lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó di ariwo. Onílù kan tó mọṣẹ́ lè gbé gbogbo àgbàlá dìde. Nínú íápíìsì onísípíkà púpọ̀, wọ́n ní láti pín iṣẹ́: àwọn kan gba ohùn ìsàlẹ̀, àwọn kan gba àárín, àwọn kan gba òkè. Ibi tí ìkan ti ń gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń hàn, ibẹ̀ náà ni kùdìẹ̀-kudiẹ ti ń wọlé. Iye kò lè sọ èyí fún yín.

Ihò etí yín wà lára ẹ̀rọ náà

Apá yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Ihò etí àgbàlagbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Ó ṣí níta, awọ etí sì dí i nínú. Ìyẹn ni pé ó dà bíi fèrè tí wọ́n dí ìdí rẹ̀. Gbogbo fèrè ló ní ohùn tó fẹ́ràn, tó máa ń gbé sókè. Ti ihò etí wa wà ní nǹkan bíi 3,000 Hz. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọpọlọ wa ti mọ ohùn ayé pẹ̀lú àfikún yẹn.

Wàyí o, tẹ́ ẹ bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, ẹ ti dí ẹnu fèrè náà. Kì í ṣe fèrè tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ́. Àfikún àtijọ́ yẹn á kúrò níbi tó wà, òmíràn á yọjú lókè, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 8,000 Hz. Ibi tó máa bọ́ sí gan-an dúró lórí bẹ́ ẹ ṣe kì í jìnnà tó. Tó bá wọlé díẹ̀, ó máa bọ́ sísàlẹ̀. Tó bá wọlé dáadáa, ó máa gòkè. Agbègbè ohùn s àti ṣ nìyẹn o. Ìdí rèé tí ẹnì kan fi lè sọ pé íápíìsì kan ń gún òun létí ní gbogbo ibi tí olórin bá ti ní "ṣe" tàbí "sọ", tí ẹlòmíràn á sì ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè má parọ́. Ẹ̀rọ kan náà ni, fèrè ọ̀tọ̀ ni.

Béèsì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ nílò kí afẹ́fẹ́ inú ihò náà wà ní dídé pa. Tí àlàfo tín-ín-rín bá wà láàárín rọ́bà íápíìsì àti awọ etí yín, béèsì á gba ibẹ̀ sá lọ. Ohùn tó kù á wá fẹ́lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi orin tó ní béèsì sí i, kẹ́ ẹ fi ìka rọra tẹ íápíìsì náà wọlé díẹ̀. Tí béèsì bá ṣàdédé kún, rọ́bà tó wà lórí rẹ̀ kò bá etí yín mu nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló kùnà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ èyí. Nígbà tí Apple gbé AirPods Pro jáde ní 2019, wọ́n fi ìdánwò kan sínú fóònù tó máa kọ orin díẹ̀, tí ẹ̀rọ náà á fi mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Wọn ò kọ́kọ́ bi yín pé irú orin wo lẹ fẹ́ràn. Bó ṣe jókòó ni wọ́n kọ́kọ́ bi yín.

Etí ọ̀tún mi ń lo rọ́bà àárín, ti òsì ń lo kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni etí wọn rí bẹ́ẹ̀ tí wọn ò mọ̀, torí inú páálí, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n máa ń so mọ́ méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá ń rí i pé olórin ò dúró láàárín orí yín, pé ó ń fì sápá kan, ẹ gbìyànjú ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ìrọ̀rùn tó ju kó má ṣe dunni lọ

Nígbà tí mo bá ń sọ ìrọ̀rùn, ohun mẹ́rin ni mò ń wò.

Èkíní ni bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó. Sípíkà púpọ̀ nílò ilé ńlá. IER-Z1R tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, irin zirconium ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó tóbi, ó sì wúwo. Béèsì rẹ̀ wà lára àwọn tó wú mi lórí jù láyé, àmọ́ ẹni tí agbada etí rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ fi sétí ná kó tó mówó jáde. IE 900 kéré, aluminiọ́mù ni, ó máa ń jókòó wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Etí àwọn obìnrin sábà máa ń kéré ju ti ọkùnrin lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá íápíìsì lẹ́jọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí wa, ẹ má gba ọ̀rọ̀ "ó rọrùn" lẹ́nu wọn láìwádìí.

Èkejì ni ẹnu ọ̀nà tó ń wọ inú ihò. Àwọn kan tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń wọlé jìnnà. ER-4 rí báyìí, rọ́bà onípele mẹ́ta ló máa ń lò, ó sì máa ń dí ariwo ìta dáadáa, àní tó 35 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá lè fara dà á kò ní gbọ́ ariwo tírénì mọ́. Ẹni tí kò lè fara dà á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé kó tó yọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ tó há sínú. Tẹ́ ẹ bá dí ihò etí pa, awọ etí á máa gba ìfúnpá, ohùn ẹ̀yin fúnra yín á máa dún lọ́rí bí ìgbà tẹ́ ẹ bá bọ orí sínú ìkòkò. Ìjẹun á di ariwo. Àwọn kan lára àwọn olùṣe ti wá ọgbọ́n sí i. U12t ní ihò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apex, tó ń jẹ́ kí ìfúnpá yẹn jáde. Èmi tí mò ń gbọ́ ohùn ènìyàn fún wákàtí márùn-ún nígbà tí mo bá ń tún ètò wa ṣe, nǹkan kékeré yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju sípíkà méjìlá inú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù kò lè fi ìrọ̀rùn hàn. Ohun tó bá máa dunni, lẹ́yìn wákàtí kan ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Fìlà tó bá fún, ẹ ò ní mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e. Ìgbà tí ìyàwó ń wọlé, tẹ́ ẹ fẹ́ dìde jó, ni orí á máa fọ́ yín.

Àwọn kan máa ń lọ gba ìwọ̀n ihò etí wọn lọ́dọ̀ onímọ̀ nípa etí. Wọ́n á da nǹkan rírọ̀ bí àmọ̀ sínú rẹ̀, á gan, wọ́n á wá fi ṣe íápíìsì tó jẹ́ ti etí yẹn nìkan. Ó dà bí ìyàtọ̀ láàárín agbádá tí télọ̀ wọn yín fún àti èyí tẹ́ ẹ rà lórí ìso. Ó dára gan-an fún olórin tàbí ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: ẹ ò lè dá a padà, ó sì ṣòro láti tà á fún ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe ń fi wọ́n wé ara wọn

CanJam máa ń wáyé ní London. Ọjà àwọn olólùfẹ́ hẹ́dìfóònù àti íápíìsì ni, ẹ lè jókòó ti tábìlì kan kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan tí iye rẹ̀ tó owó mọ́tò. Ó dùn mọ́ni. Ohun kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: èyí tó bá dún sókè ju lọ ló máa ń dà bí ẹni pé ó dára jù. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson ti fi hàn pé tí ohùn bá lọ sílẹ̀, etí wa kì í gbọ́ béèsì tó bó ṣe yẹ. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè díẹ̀, béèsì á kún, gbogbo rẹ̀ á sì dùn. Íápíìsì kan lè dún sókè ju òmíràn lọ lórí fóònù kan náà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ pé A dára ju B, ẹ rí i pé wọ́n ń dún bákan náà.

Orin tó wà lórí tábìlì wọn kọ́ ni mo máa ń lò. Orin tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń gbé lọ. Mo máa ń mú àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982: gìtá púpọ̀, gángan, àti gìtá onírin tí Demola Adepoju ń tẹ̀. Íápíìsì tó bá dára á jẹ́ kí n lè tẹ̀ lé gìtá kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọnù sáàárín àwọn yòókù. Mo máa ń mú àpàlà Haruna Iṣọla, láti gbọ́ bí àgídìgbo ṣe ń dún nínú igi àti bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń dún ní ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bí iyanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀. Mo tún máa ń mú àwo àkọ́kọ́ Aṣa, ti 2007, fún ohùn obìnrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kúbà, ẹ ní bàtá mẹ́ta yín, iyá, itótele àti okónkolo. Bẹ́ ẹ bá lè ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, íápíìsì yín ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé èdè wa tó ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nílò ẹ̀rọ olówó ńlá ká tó gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò gbà. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tó bá wà lábẹ́ 300 Hz. Ohùn ìpìlẹ̀ ọkùnrin sì sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 Hz. Ìyẹn ni pé tẹlifóònù ń gé ìpìlẹ̀ náà kúrò pátápátá, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí ìyá yín pè yín láti ilé tẹ́ ẹ fi ọkọ̀ pe ọkọ́. Ọpọlọ wa ló ń fi àwọn ohùn òkè tó kù ṣírò ìpìlẹ̀ tó sọnù. Íápíìsì ogún pọ́n-ùn á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Ohun tí èyí tó dára jù máa fi kún un ni ara gangan: awọ, ọ̀pá, àti atẹ́gùn tó kù lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kúrò.

Nígbà tí mo fi wọ́n wé ara wọn báyìí, ohun tí etí tèmi sọ rèé. IE 900 ní béèsì tó jinlẹ̀ tó sì mọ́, ìlù ni mo fẹ́ràn láti fi gbọ́. SE846 gbóná, ó nípọn, ó dárí ji àwọn orin àtijọ́ tí gbígbà wọn kò mọ́ tó. U12t ló tu mí lára jù fún ohùn ènìyàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò sọ pé ìkan borí. Etí mi nìyẹn o, tiyín lè dájọ́ ọ̀tọ̀. Ohun kan tún ni pé íápíìsì tó ń fi gbogbo nǹkan hàn lókè máa fi ariwo àwo àtijọ́ hàn yín pẹ̀lú, á máa ta bí òróró gbígbóná. Tó bá jẹ́ àwo ọdún 1960 lẹ máa ń gbọ́, ẹ̀rọ tó mọ́ jù lè má jẹ́ èyí tó dùn jù.

Ṣé owó ò wá já mọ́ nǹkan ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bínú sí mi báyìí. "Ẹ ti gbọ́ wọn lórí tábìlì, ẹ wá ń sọ fún wa pé ká má rà á." N kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó ń ra nǹkan: irin tó dára, wáyà tí kì í tètè já, etí ọ̀tún àti òsì tó bá ara wọn mu, ìwádìí ọdún púpọ̀, àti iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tí iye tí wọ́n ń ṣe kò pọ̀. Ó tún ń ra ẹwà, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. A máa ń ra aṣọ òkè kì í ṣe torí òtútù nìkan.

Àmọ́ ká má parọ́ fún ara wa nípa ohùn. Ní 2017, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde níbi tó ti wọn hẹ́dìfóònù àti íápíìsì 283. Ó wò ó bóyá bí owó ṣe ń gòkè ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wọn ń dára sí i. Kò rí ìbáṣepọ̀ kankan tó lórí láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tún ti yí ọjà padà. Ní 2022, Moondrop gbé Chu jáde, 7Hz gbé Salnotes Zero jáde, bíi 20 dọ́là ni ìkọ̀ọ̀kan, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wọn sì lè dojú ti ọ̀pọ̀ tó wọ́n jù wọ́n lọ fíìfíì.

Lójú tèmi, láti ogún pọ́n-ùn sí ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbọ́ ìyàtọ̀. Láti ọgọ́rùn-ún sí ọ̀ọ́dúnrún, ẹni tó fetí sílẹ̀ á gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí kálukú fẹ́ràn ni. Ṣùgbọ́n láti rọ́bà tí kò bá etí mu sí rọ́bà tó bá a mu, gbogbo ènìyàn ló máa gbọ́ ìyàtọ̀, owó rẹ̀ kò sì ju pọ́n-ùn mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Etí kò ní ìpààrọ̀

Ohun kan ṣì kù tó jẹ mí lógún ju orin lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn tó tó 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Tẹ́ ẹ bá fi mẹ́ta kún un, àkókò náà á pín sí méjì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, 94, wákàtí kan péré.

Ẹ wá fi èyí sínú ìgbésí ayé wa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ tírénì abẹ́ ilẹ̀ ní London, tàbí sọ́bùwéè ní New York àti Toronto, láàárọ̀ àti lálẹ́. Íápíìsì tí kò dí ihò etí dáadáa máa ń jẹ́ kí ariwo wọlé, àwa náà á gbé orin sókè láti borí rẹ̀. Béèsì tún ti jò lọ, a ó tún gbé e sókè sí i láti wá a. Lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn fọ́nrán tíntìntín inú etí tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, tí wọ́n bá kú, wọn kì í hù padà. Kò sí íápíìsì tó lè dá wọn padà, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Èyí tó bá jókòó dáadáa á dí ariwo, béèsì á pé, ẹ ó sì lè gbọ́ orin ní ohùn kékeré tó tẹ́ yín lọ́rùn. Àmọ́ o, tẹ́ ẹ bá ń rìn lójú títì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò létí. Mọ́tò kì í mọ̀ pé ẹ ń gbádùn Sunny Adé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo padà fún àbúrò mi ní Leeds rèé, ẹ̀yin náà ẹ mú un. Ẹ mú ogún pọ́n-ùn nínú owó yẹn, kẹ́ ẹ ra oríṣiríṣi rọ́bà àti fóòmù fún íápíìsì tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ ìwọ̀n etí ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ lo èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí nǹkan kan bá ṣì kù tẹ́ ẹ ń wá, ẹ ó lè dárúkọ rẹ̀ nígbà yẹn: béèsì ni, àbí ohùn olórin, àbí ìfúnpá. Ẹ wá lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, tàbí kẹ́ ẹ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó máa gbà á padà. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ jẹun pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé pé nǹkan kan wà létí yín, tí orin náà sì pé, ẹ san owó yín pẹ̀lú ayọ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ṣì ní bíi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún tó kù. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe jù mí lọ.

Ẹ kọ̀wé sí wa, kẹ́ ẹ sọ rọ́bà tó bá etí yín mu àti orin tẹ́ ẹ fi ń dán íápíìsì wò. Tẹ́ ẹ bá rò pé mo ṣìnà, ẹ sọ ìyẹn náà. Títí dìgbà mìíràn, ẹ tọ́jú etí yín o.